Ọrùn Kèrègbè: Ọ̀rọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Onífáíbà Tí Kò Yára Nínú Ilé

   Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan lẹ́nu pé akọ́mọlédè ni a pè kí ó wá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò máa bi ara wọn pé, "Kí ni ti olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ wáyà?" Wọn kò jẹ̀bi. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti mú mi sunkún rí, àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo rí nígbà tí mo ń sunkún náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lálẹ́ òní.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní èdè Yorùbá láti orí kọ̀ǹpútà. Amẹ́ríkà ni àwọn wà; èmi wà nínú yàrá ìkàwé mi ní Ìbàdàn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú níhìn-ín, tí oòrùn ṣì wà lọ́hùn-ún, a óò pàdé, n óò máa rí ojú wọn, àwọn náà yóò sì máa rí tèmi. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni ó mọ̀ pé ohùn ni ẹ̀mí èdè wa. Ọkọ ni ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó. Ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń roko. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí Èkó. Ọ̀kọ̀ ni jagunjagun ń jù. Bí ohùn bá sọnù lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ni ó kù? Kò ku nǹkan kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ibi tí mo ti ń pe àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí lẹ́sẹẹsẹ ni ohùn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí gé. Ó ń gé, ó ń so, ó ń gé. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú. Ọmọ náà ti sọ fún mi ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wá pé ohun tí òun ń kọ́ èdè náà fún kò ju pé kí òun lè bá ìyá àgbà náà sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú fún un. Òun ni ó nawọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà tí ó ní, "Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa èdè, wáyà kan tàbí àpótí kan ti sọ ọ́ di asán.

Kí ni mo wá ṣe? Mo ṣe ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń ṣe: mo fi owó kún owó. Mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni mo ń san owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀; mo sọ ọ́ di 200. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi san owó ńlá yìí, ohùn mi kò sì yé gé. Mo pe ilé-iṣẹ́ tí ó fa fáíbà náà wá sílé mi. Wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá. Ó wo iná ara àpótí wọn, ó fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà, ó ní fáíbà dára, kò sí ohun tí ó ṣe é. Inú bí mi. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní irọ́ ni ó ń pa, mo ní olè ni ilé-iṣẹ́ wọn. Ọmọ náà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi í síbẹ̀ ná; n óò padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí inú mi rọ̀, mo wá bi ara mi léèrè pé, kí ni mo tilẹ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́ náà gan-an? Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára." Ẹ̀yin ènìyàn mi, iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ ọ̀rọ̀ wò, ṣùgbọ́n n kò yẹ èyí wò. Bí aláìsàn bá dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó ní, "Ara mi kò yá," ṣé dókítà yóò kàn fún un lóògùn ni? Yóò bi í pé orí ni, inú ni, àbí ẹsẹ̀. Àwa a máa pe ohun márùn-ún ní orúkọ kan ṣoṣo, a ó sì máa retí pé kí ẹlòmíràn mọ èyí tí ó ń ṣàìsàn nínú wọn. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé yìí.

Ìrìn-àjò ọ̀rọ̀ láti Amẹ́ríkà dé yàrá ìkàwé mi ní ìpele márùn-ún. Ìpele kìíní ni abẹ́ òkun. Àwọn okùn ńláńlá wà nílẹ̀ òkun tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó. MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. Èyí tí wọ́n ń pè ní Equiano dé ní 2022. Orúkọ Olaudah Equiano ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ Ìgbò tí wọ́n tà sí oko ẹrú, tí ó sì kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ jáde ní 1789. Ìpele kejì ni ọ̀nà ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, láti Èkó wá sí Ìbàdàn, títí dé òpópónà wa, níbi tí wọ́n ti ń pín fáíbà kan fún ọ̀pọ̀ ilé.

Ìpele kẹta ni fáíbà tí ó wọ inú ilé wa. Dígí ni, ó tín-ín-rín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń sá nínú rẹ̀. Ní 1966, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Shanghai, Charles Kao, àti ẹnìkejì rẹ̀, George Hockham, kọ ìwé kan tí ó yí ayé padà. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dígí kò lè gbé ìmọ́lẹ̀ lọ jìnnà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń kú sínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì fi hàn pé kì í ṣe dígí ni ó ń pa ìmọ́lẹ̀, bí kò ṣe èérí tí ó wà nínú dígí. Wọ́n ní kí a yọ èérí kúrò, ìmọ́lẹ̀ yóò rìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí. Wọ́n fún Kao ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 2009. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀kọ́ yìí sọ́kàn: kí a tó dá ohun kan lẹ́bi, kí a kọ́kọ́ wá èérí inú rẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé.

Ìpele kẹrin ni àpótí tí ilé-iṣẹ́ gbé kọ́ sára ògiri wa. Òun ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀, tí ó ń sọ ọ́ di èdè tí kọ̀ǹpútà àti fóònù gbọ́. Ní ilé ẹlòmíràn, àpótí méjì ni: ọ̀kan ń gba ìmọ́lẹ̀, èkejì, tí à ń pè ní ráútà, ń pín in káàkiri ilé. Ní ilé púpọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ìpele karùn-ún ni láti ara àpótí dé ọwọ́ wa, yálà kí ó gba inú wáyà tàbí kí ó gba inú afẹ́fẹ́, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Wi-Fi.

Ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́, ọwọ́ wa kò tó wọn. Ṣùgbọ́n ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún wà nínú ilé wa, a sì lè yẹ̀ wọ́n wò láìjẹ́ ẹnjiníà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ṣùgbọ́n kí a tó wọn nǹkan, ó yẹ kí a mọ òṣùwọ̀n. Ilé-iṣẹ́ a máa fi bíìtì ta ọjà, kọ̀ǹpútà a sì máa fi báìtì ka ẹrù. Bíìtì 8 ni ó wà nínú báìtì 1. Ẹni tí ó bá ra mẹ́gábíìtì 200, bí ó bá ń gbé ẹrù wọlé tí ó rí i pé kọ̀ǹpútà kọ 25, kí ó má pariwo olè. 25 lọ́nà 8 ni 200. Kò sí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀pọ̀ ìjà ni òye kékeré yìí ìbá ti parí.

Báyìí ni mo ṣe wọn tèmi. Mo yá wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tuntun kan lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n má fọwọ́ kan íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú 10. Mo pa Wi-Fi inú kọ̀ǹpútà mi, mo ki orí wáyà kan bọ ara àpótí, mo ki orí kejì bọ kọ̀ǹpútà, mo sì dán ìyára rẹ̀ wò. Mo ṣe é ní àárọ̀, ní ọ̀sán, àti ní alẹ́, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ohun tí mo rí ni 94, 93, 94. Lẹ́yìn náà mo yọ wáyà, mo tan Wi-Fi. Nígbà tí mo dúró ti àpótí, mo rí 38. Nígbà tí mo wọ yàrá ìkàwé mi, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi, mo rí 6, nígbà mìíràn 4, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí nǹkan kan.

Ẹ wo àwọn òǹkà yìí dáadáa, nítorí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀. Bí òǹkà orí wáyà bá ń yí padà, tí ó ga ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tí ó sì wálẹ̀ ní alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, èrò ni ó pọ̀ lójú ọ̀nà; ìpele kejì ni kí a fura sí. Nínú ètò fáíbà tí ó wọ́pọ̀ jù, nǹkan bí mẹ́gábíìtì 2,500 ni gbogbo ilé tí ó wà lórí okùn kan jọ ń pín, wọ́n sì lè tó ilé 32 tàbí 64. Ṣùgbọ́n bí òǹkà bá dúró gbagidi sójú kan ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, kì í ṣe èrò ni ó pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ni ó há. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kèrègbè pọn omi, ì báà jẹ́ odò Ògùn ni ó ti fẹ́ pọn ọ́n, ìwọ̀n tí ọrùn kèrègbè bá gbà náà ni omi yóò fi wọlé.

Níbo wá ni ọrùn kèrègbè tèmi wà? Àlébù mẹ́rin ni mo ti rí tí ó máa ń wà lára àpótí tí ilé-iṣẹ́ ń gbé fún wa, tàbí ní àyíká rẹ̀.

Àlébù kìíní ni ihò tí a ń ki wáyà bọ̀. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀: èyí tí ó lè gba mẹ́gábíìtì 100, tí ìlànà rẹ̀ ti wà láti 1995, àti èyí tí ó lè gba 1,000, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 1999. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ènìyàn kò lè dá wọn mọ̀ bí kò bá ka ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ àpótí. Ihò tí ó ń gba 100 kò sì lè fún wa ní 100 pé, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ń kọjá ni a ń dì sínú ìdì, ìdì náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀, bí agbọ̀n ti ń kún ìwúwo ẹrù. Ohun tí ó máa ń kù kì í ju 94 tàbí 95 lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ra 200 tàbí 300, tí ẹ wọ̀n ọ́n lórí wáyà tí ẹ rí 94 láìyẹ̀, ẹ fura. Àpótí tèmi, ìgbà tí mo ń ra 50 ni wọ́n gbé e fún mi. Nígbà náà ó tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Nígbà tí mo sọ ọ́ di 200, wọ́n gba owó, wọ́n ṣí omi sílẹ̀ láti òkè, wọn kò pààrọ̀ kèrègbè.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré dá àpótí lẹ́jọ́. Àlébù kejì lè wà lára wáyà tí wọ́n fi ń gbé e wá. Okùn tín-ín-rín 8 ni ó wà nínú wáyà náà, wọ́n lọ́ wọn ní méjì-méjì. Láti gba 1,000, gbogbo 8 ni ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Láti gba 100, 4 ti tó. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá já nínú 4 tí ó ṣẹ́ kù, àpótí àti kọ̀ǹpútà yóò fohùn ṣọ̀kan láàárín ara wọn, wọn yóò sọ̀kalẹ̀ sí 100, wọn kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí mo fi yá wáyà tuntun. Ẹ wo ara wáyà yín. Bí wọ́n bá kọ Cat 5e tàbí Cat 6 sí i, ó dára. Kọ̀ǹpútà pẹ̀lú a máa fi hàn níbi ètò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ bóyá 100 tàbí 1,000 ni òun àti àpótí jọ fẹnu kò sí. Bí ẹ bá pààrọ̀ wáyà tí ó sì ṣì jẹ́ 100, ẹ yẹ kọ̀ǹpútà náà wò bóyá ihò tirẹ̀ ń gba 1,000. Bí ó bá ń gbà á, ìgbà náà ni kí ẹ yíjú sí àpótí.

Àlébù kẹta ni Wi-Fi tí àpótí náà ní. Ìgbì méjì ni Wi-Fi ilé máa ń lò jù: 2.4 GHz àti 5 GHz. Èyí àkọ́kọ́ a máa rìn jìnnà, a sì máa la ògiri kọjá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yára, ọ̀nà rẹ̀ sì kún bí ọjà Dùgbẹ̀: Wi-Fi gbogbo aládùúgbò wà níbẹ̀, Bluetooth wà níbẹ̀, ẹ̀rọ máíkírówéèfù inú ilé ìdáná pẹ̀lú a máa da ibẹ̀ rú. Èkejì yára gan-an, ọ̀nà rẹ̀ sì gbòòrò, ṣùgbọ́n ògiri blọ́ọ̀kù a máa dá a dúró. Àpótí àtijọ́ púpọ̀ ni kò ní ju 2.4 lọ. Tèmi wà lára wọn. Bí àpótí yín bá ní méjèèjì, ẹ lè rí orúkọ méjì lórí fóònù yín, tí ọ̀kan ní 5G nídìí. Kì í ṣe 5G ti ilé-iṣẹ́ fóònù, ìgbì 5 GHz ni wọ́n ń wí. Ẹni tí ó bá wà nítòsí àpótí, èyí ni kí ó mú.

Àlébù kẹrin ni ibi tí àpótí wà àti iná tí ó ń jẹ. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbé sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, mo ti rí èyí tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí aṣọ kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án. Ooru yóò mú un, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà jáde. Àwa ará Nàìjíríà sì mọ bí iná mànàmáná wa ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Bí iná bá ń yí láti ọ̀dọ̀ ìjọba sí ẹ̀rọ amúnáwá, àpótí lè kú kí ó tún jí, ìyẹn nìkan sì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó tún bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Orí iná kékeré tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ògiri pẹ̀lú a máa rẹ̀ bí ó bá pẹ́. Ẹ gbé àpótí sí ojú gbangba, ní àárín ilé bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì fún un ní iná tí kì í já. Bí ẹ bá ti ra ráútà tiyín mọ́ ti ilé-iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí méjèèjì máa pín Wi-Fi nínú ilé kan náà. Ọba méjì kì í jẹ láàfin kan. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ kí wọ́n pa Wi-Fi ti àpótí wọn, kí ó kàn di afárá tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá.

Olóòtú wa bi mí kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé, ṣé àpótí ni ó máa ń jẹ̀bi ní gbogbo ìgbà? Rárá o. Bí iná pupa bá tàn níbi tí wọ́n kọ LOS sí lára àpótí, ìmọ́lẹ̀ kò dé ibẹ̀ rárá. Fáíbà ti já tàbí kí ó ti ká kọ́rọ́ níbì kan, nítorí dígí ni, a kì í ṣẹ́ ẹ po bí okùn ìlù. Ẹ má fọwọ́ tún un ṣe, ẹ pe àwọn tí ó ni ín. Nígbà mìíràn, òkun ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mélòó kan já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, ìpọ́njú bá íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó bá ń lu àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń lu aláìṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aláìṣẹ̀ yìí ni ó mú mi padà sórí ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo jágbe mọ́. Nígbà tí mo ti kọ òǹkà mi sílẹ̀ tán, mo tún pe ilé-iṣẹ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹ́gábíìtì 200 ni mo ń san owó rẹ̀. Lórí wáyà tuntun, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ihò rẹ̀ gba 1,000, mo rí 94 ní àárọ̀, 93 ní ọ̀sán, 94 ní alẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ àpótí yín nìyí. Mo rò pé ihò rẹ̀ kò ju 100 lọ." Arábìnrin tí ó gbé ìpè náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n pa àpótí kí n tún un tàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n létí rẹ̀, 94 náà ni. Ó fún mi ní nọ́ńbà ẹjọ́ mi. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọjọ́ kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà ni ó kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé àpótí tuntun dání.

Ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Òtítọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn, fáíbà yín dára. Mo fẹ́ sọ pé àpótí ni ó ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi." Ó ní àwọn tí ń rìn káàkiri bí tòun kò ní àṣẹ láti pààrọ̀ àpótí, àfi bí oníbàárà bá béèrè fún un tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú tì mí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan tí mo fi dá a. Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bàbá rẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà.

Ó so àpótí tuntun náà mọ́ ògiri. Lórí wáyà, mo rí 192. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìkàwé, 41 ni, nítorí ògiri blọ́ọ̀kù méjì tí ó wà láàárín. Ọmọ náà ni ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fa wáyà kan gba inú àjà dé ibẹ̀. Mo fà á. Láti ọjọ́ náà, ohùn mi kò gé mọ́.

Ẹ̀yin òǹwòran, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣì ń dùn mí. Owó oṣù mẹ́jọ tí ó lọ kò padà. Wọ́n mọ àpótí tí ó wà nílé mi, wọ́n mọ ohun tí ó lè gbà, wọ́n sì ta ohun tí kò lè gbà fún mi. Bí aṣọ bá kéré, aránṣọ a máa sọ kí ó tó gba owó iṣẹ́. Ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ta ìyára gíga fún oníbàárà kọ́kọ́ yẹ àpótí rẹ̀ wò. Ní Jámánì, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2016, òfin ti fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti yan àpótí tí ó bá wù ú. Ilé-iṣẹ́ kò lè fi dandan gbé tirẹ̀ lé e lórí. Níhìn-ín, àjọ NCC ni ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ yín sun ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ pe 622, nọ́ńbà tí NCC yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀dùn oníbàárà. Ẹ mú òǹkà yín dání kí ẹ tó pè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí kò pọ̀. Ẹ má ra ìyára kún ìyára kí ẹ tó wọn èyí tí ẹ ní. Ẹ fi wáyà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fi Wi-Fi wọ̀n ọ́n. Ẹ wọ̀n ọ́n ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo abẹ́ àpótí. Ẹ má sì sọ pé "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára" mọ́. Ẹ dárúkọ ibi tí ó ti ń dùn yín, nítorí àrùn tí a kò bá dárúkọ, ta ni yóò mọ ewé tí a óò já sí i?

Ní ọ̀sẹ̀ tí a fa wáyà náà, mo tún pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn fún àwọn ọmọ mi lókè òkun. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́tí, ó pè wọ́n tẹ̀ lé mi: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Kò ṣi ọ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó sọ fún mi pé òun ti pè wọ́n létí ìyá àgbà, pé ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí òun tún wọn pè.